Ṣé òfo ni làálàá àwọn obìnrin tó wá àlàáfíà láàárín ogun àgbáyé méjèèjì?

Olùkọ́ ìtàn kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama n'Íbàdàn kọ̀wé sí mi báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa àkókò tó wà láàárín Ogun Àgbáyé Kìíní àti Èkejì. Mo sọ fún wọn pé ní ọdún 1932, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ ènìyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn ìjọba dín ohun ìjà kù, àwọn obìnrin sì gbé ìwé náà lọ sí Geneva. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, 'Mà, ṣé ogun ò wá jà mọ́ ni?' Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, n ò sì mọ èsì tí mo lè fún un. Ṣé òfo kọ́ ni gbogbo làálàá wọn? Ẹ tún bá mi dáhùn èkejì: ṣé aláwọ̀ dúdú kankan wà láàárín wọn, àbí ọ̀rọ̀ òyìnbó pẹ̀lú òyìnbó ni?"

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, olùkọ́ wa, ẹ sì bá mi kí ọmọ yẹn. Ìbéèrè gidi ló bi yín. Ogun ṣáà jà. Ní September 1939 àwọn ọmọ ogun Hitler wọ Poland, nígbà tí ogun náà fi máa parí ní 1945, ẹ̀mí tó ti bá a lọ lé ní àádọ́ta mílíọ̀nù. Bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tí a ó fi díwọ̀n iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ni bóyá ogun jà tàbí kò jà, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, kí àwọn ọmọ yín má bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti 1932. Kí wọ́n padà sẹ́yìn sí May 1919, nílùú Zurich ní Switzerland. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin yìí ti kọ ọ́ sínú ìwé, ogún ọdún gbáko kí Hitler tó wọ Poland, pé ogun míràn ń bọ̀. Wọ́n sì sọ ohun tí yóò fà á.

Kí n tó dé Zurich, mo ní láti kọ́kọ́ yà ní The Hague. Ní ìparí April 1915, ogun àkọ́kọ́ ti ń jà bọ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án, obìnrin tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan láti ilẹ̀ méjìlá pàdé nílùú yẹn, ní Netherlands, ilẹ̀ tí kò dá sí ogun náà. Aletta Jacobs, dókítà ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló ṣaájú àwọn tó pè wọ́n jọ. Jane Addams ni alága, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé láàárín àwọn tálákà àti àwọn àjèjì ní Chicago, tó ń bá wọn tọ́ ọmọ, tó ń bá wọn jà fún omi àti ìmọ́tótó. Kò rọrùn láti débẹ̀. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ lọ tó 180, ìjọba wọn ti ọ̀nà òkun pa, mẹ́ta péré ló rí ìpàdé náà bá. Ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn ará Amẹ́ríkà, àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì dá a dúró lójú òkun fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn ìpàdé, wọ́n pín ara wọn sí ọ̀wọ́, wọ́n gba ìlú dé ìlú lọ bá àwọn olórí ìjọba, láàárín ogun, pé kí àwọn ilẹ̀ tí kò dá sí i jókòó báyìí kí wọ́n máa làjà, kí wọ́n má dúró de ìgbà tí ẹgbẹ́ kan bá ṣubú. Àwọn olórí gbà wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò sẹ́ni tó dáwọ́ ogun dúró.

Wọ́n ti wá fẹnu kò ní The Hague pé ibi tí àwọn ọkùnrin bá ti ń ṣe ìpàdé àlàáfíà lọ́jọ́ tí ogun bá parí, ibẹ̀ làwọn náà máa ti ṣe tiwọn, lásìkò kan náà. Ìpàdé àlàáfíà wá bọ́ sí Paris, obìnrin Jámánì àti ti Austria ò sì lè wọ Paris. Bó ṣe di Zurich nìyẹn.

Ogun ti dáwọ́ dúró láti November 1918, àmọ́ àwọn tó ṣẹ́gun kò tíì ṣí ojú òkun tán fún Jámánì. Oúnjẹ tó ń wọlé kò tó nǹkan. Lójú pópó Zurich, Jane Addams pàdé Leopoldine Kulka, ará Vienna, tí wọ́n ti jọ mọra tẹ́lẹ̀. Ó wò ó títí kó tó dá a mọ̀. Obìnrin tó rẹwà tẹ́lẹ̀ ti gbẹ bí igi, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ pọ́n ó sì ti rí ṣákaṣàka nítorí ayédèrú ọṣẹ tí wọ́n ń lò nílùú rẹ̀, torí ọṣẹ gidi ò sí. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tó kú. Mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ Kulka yìí fún ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ orí pátákó lásán ni àwọn obìnrin náà ń sọ. Àárín àwọn tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tán ni wọ́n jókòó sí.

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míràn wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ebi náà ni ìpàdé yẹn kọ́kọ́ mú sọ. Wọ́n tẹ wáyà sí Paris pé kí wọ́n ṣí ojú òkun, kí oúnjẹ wọlé fún tọ̀tún tòsì. Wilson, ààrẹ Amẹ́ríkà, dá wọn lóhùn pé ọ̀rọ̀ wọn wọ òun lórí, ó sì wọ òun lọ́kàn, àmọ́ ìṣòro tó wà nídìí rẹ̀ pọ̀ débi pé òun ò lè fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀.

Ìwé àdéhùn Versailles, èyí tí àwọn tó ṣẹ́gun fẹ́ fi parí ogun náà pẹ̀lú Jámánì, tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ yẹn náà. Ọjọ́ 7 May ni wọ́n gbé e fún Jámánì ní Versailles, nítòsí Paris, ọjọ́ 12 ni ìpàdé Zurich bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin náà kà á, wọ́n sì wà lára àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ dìde ní gbangba láti bẹnu àtẹ́ lù ú. Wọ́n ní àdéhùn náà fọwọ́ sí i pé kí ẹni tó ṣẹ́gun máa kó ìkógun. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan nìkan ni wọ́n ní kó kó ohun ìjà sílẹ̀. Wọ́n ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ènìyàn láàárín gbùngbùn Yúróòpù ni ó fẹ́ sọ di òtòṣì, aláìsàn, ẹni tí ìrètí ti pin fún, àti pé ìkórìíra tí yóò ti ibẹ̀ jáde kò lè bí nǹkan míràn ju ogun lọ. Ẹ rántí pé àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Ìlú àwọn fúnra wọn ló ṣẹ́gun, wọ́n sì ń sọ fún un pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbọ́. Jeanne Mélin, ará Faransé, kò tètè rí àyè dé. Agbègbè Ardennes ló ti wá, níbi tí ọmọ ogun Jámánì ti gbà tí wọ́n sì bà jẹ́. Bó ṣe wọ gbọ̀ngán, Lida Gustava Heymann, ará Jámánì, sáré gbé òdòdó róòsì, ó lọ pàdé rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i, ó ní obìnrin Jámánì ló ń na ọwọ́ sí arábìnrin rẹ̀ ará Faransé. Emily Balch, ará Amẹ́ríkà, bá dìde, ó nawọ́ sókè, ó búra pé òun máa fi gbogbo ayé òun ṣiṣẹ́ àlàáfíà. Gbogbo gbọ̀ngán dìde, wọ́n búra pẹ̀lú rẹ̀. Nínú oṣù yẹn kan náà, ní Paris, ọkùnrin Jámánì àti ọkùnrin Faransé ò tilẹ̀ jọ jókòó sídìí tábìlì láti jíròrò. Zurich yìí ni ẹgbẹ́ náà ti gba orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní, Women's International League for Peace and Freedom, tí a ń pè ní WILPF, wọ́n sì fi ilé iṣẹ́ wọn sí Geneva.

Ṣé Heymann kàn fún ènìyàn ní òdòdó tán ló padà sílé? Rárá o. Ní 1923, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ orúkọ Hitler, òun àti Anita Augspurg, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, jẹ́ ara àwọn tó lọ bá mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní Bavaria pé kó lé ọkùnrin náà kúrò nílùú, torí ọmọ Austria ni, ó sì ń kó ìjàǹbá jọ. Wọn ò dá wọn lóhùn. Nígbà tí Hitler gorí àlééfà ní January 1933, àwọn méjèèjì wà lẹ́yìn odi, wọn ò sì lè padà sílé mọ́ láéláé. Ìjọba Nazi gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní wọn, ìwé tí wọ́n ti kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún sì ṣègbé. Zurich náà ni wọ́n kú sí ní 1943, ọdún kan náà, ogun ń jà lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn. Ọjọ́ 2 February 1932 ni ìpàdé nípa dídín ohun ìjà kù bẹ̀rẹ̀ ní Geneva, lábẹ́ League of Nations, àjọ tó ṣáájú UN. Lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n ní láti sún ìṣíde síwájú, torí Japan ń yìnbọn lu Shanghai lọ́wọ́, àwọn àgbà àjọ sì ní láti kọ́kọ́ jíròrò ìyẹn. Ọjọ́ 6 February ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn aráàlú. Àwọn obìnrin wọlé, wọ́n gbé ìdì ìwé lé ìdì ìwé síwájú Arthur Henderson tó jẹ́ alága. Ilé dé ilé, ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà dé ọjà ni wọ́n ti kó ìfọwọ́sí yẹn jọ, fún nǹkan bí ọdún méjì. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ló kan ilẹ̀kùn, ẹnì kan ló ṣí i, tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀, kó tó mú gègé. Kí kíláàsì yín gbìyànjú láti gba ìfọwọ́sí igba pére ládùúgbò, wọ́n á mọ ohun tí mo ń sọ.

Kí ló wá pa ìpàdé náà? Jámánì ní òun fẹ́ dọ́gba pẹ̀lú àwọn yòókù. Faransé ní ẹ̀rù Jámánì ń ba òun. Hitler kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde níbẹ̀ ní October 1933. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìwé máa ń fò dá, ó sì kan àwa gan-an. Nínú àbá tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé wá ní March 1933, wọ́n ní kí wọ́n fòfin de jíju bọ́ǹbù láti inú ọkọ̀ òfuurufú pátápátá, àfi tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá ní àwọn ilẹ̀ tó jìnnà réré. Ẹ tún un kà. Àwọn ilẹ̀ tó jìnnà réré wọ̀nyẹn ni ibi tí wọ́n ń ṣàkóso lé lórí. Bọ́ǹbù kò dára lórí London, àmọ́ a lè jù ú sórí abúlé ẹni tí kò sanwó orí. Ibi tí àlàáfíà wọn ti ya nìyẹn. Ẹnì kan sì ti sọ ọ́ fún wọn ní Zurich láti 1919. Mo ń bọ̀ lórí ẹni yẹn láìpẹ́.

Kí n tó débẹ̀, ogun nìkan kọ́ ni wọ́n ń bá jà. Ní April 1919, ọlọ́pàá mú Eglantyne Jebb ní Trafalgar Square, ní London. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ó ń pín ìwé pélébé tí àwòrán ọmọ Austria tí ebi ti hàn léèmọ̀ wà lórí rẹ̀, kò sì kọ́kọ́ fi han àwọn tó ń yẹ ìwé wò fún ìjọba. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, wọ́n ní kó san pọ́n-ùn márùn-ún. Bí ẹjọ́ ṣe parí, Sir Archibald Bodkin, agbẹjọ́rò ìjọba tó rojọ́ takò ó, yọ pọ́n-ùn márùn-ún lápò ara rẹ̀, ó fà á lé e lọ́wọ́. Owó yẹn ni wọ́n kà sí ọrẹ àkọ́kọ́ tó wọ àpò Save the Children, ẹgbẹ́ tí òun àti àbúrò rẹ̀ Dorothy Buxton dá sílẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀lé e. Jebb tún jókòó kọ ìwé kúkurú kan, kókó márùn-ún péré: ọmọ tí ebi ń pa, ẹ fún un lóúnjẹ, ọmọ tó ń ṣàìsàn, ẹ tọ́jú rẹ̀, nígbà ìpọ́njú, ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́. League of Nations fọwọ́ sí i ní 1924. UN fẹ̀ ẹ́ lójú ní 1959, ó di àdéhùn tó múlẹ̀ ní 1989, inú rẹ̀ sì ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 ti jáde. Ọmọ tó bi yín ní ìbéèrè yẹn, òfin tó ń dáàbò bò ó wá láti ọwọ́ obìnrin tí ọlọ́pàá mú ní 1919.

Àwọn iṣẹ́ míràn tún wà tí n ò ní pẹ́ lórí wọn. Àwọn obìnrin lọ bá àwọn tó ń kọ ìwé òfin League ní Paris títí ó fi wọ inú rẹ̀ pé gbogbo ipò iṣẹ́ níbẹ̀ wà fún tọkùnrin tobìnrin. Rachel Crowdy darí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọpíọ́mù àti gbígbé obìnrin àti ọmọdé ṣòwò, títí di 1931. Wọ́n tún jà fún obìnrin tó fẹ́ àjèjì, torí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ nígbà náà, ọjọ́ tó bá ti wọlé ọkọ ló ti pàdánù ìlú tí wọ́n bí i sí.

Ó wá kan ìbéèrè yín kejì. Bẹ́ẹ̀ ni, aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀. Ní Zurich, ẹyọ kan ṣoṣo ni, Mary Church Terrell lorúkọ rẹ̀. Ìlú Memphis ni wọ́n bí i sí ní 1863, ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kàwé gboyè ní Oberlin, ó sì lọ gbé ní Yúróòpù láti kọ́ èdè. Nígbà tí wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn ará Amẹ́ríkà ní Zurich, ọmọ ọdún 55 ni, ó wo gbọ̀ngán yíká, kò rí ẹlòmíràn tí kì í ṣe òyìnbó. Kò sẹ́ni láti Áfíríkà, kò sẹ́ni láti India. Ó pinnu pé òun ò ní sọ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Jámánì ló fi bá wọn sọ̀rọ̀, ó sọ fún wọn pé òyìnbó lè máa sọ̀rọ̀ àlàáfíà títí ayé á fi parí, wọn ò ní í rí i, àfi tí wọ́n bá ń ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ìpàdé náà fọwọ́ sí i pé kò yẹ kí wọ́n tìtorí àwọ̀ tàbí ẹ̀yà fi ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ du ẹnikẹ́ni, tàbí kí wọ́n fi àbùkù kàn án. Ní Paris, oṣù kan péré ṣáájú ìgbà náà, Japan ti ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídọ́gba gbogbo ẹ̀yà sínú ìwé òfin League, àwọn tó gbà á pọ̀ ju àwọn tí kò gbà á lọ, Wilson tó wà lórí àga ní kò lè kọjá.

Mi ò ní tan yín pé gbogbo ìgbà ni ẹgbẹ́ náà ń ṣe bó ṣe búra. Ní 1921, ẹ̀ka Amẹ́ríkà gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ kan káàkiri, pé kí Faransé kó àwọn ọmọ ogun dúdú rẹ̀ kúrò lágbègbè odò Rhine ní Jámánì, ìwé náà ní wọ́n ń fipá bá obìnrin lò pọ̀. Láti àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé ni wọ́n ti kó irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀, Dahomey, tí a ń pè ní Benin lónìí, wà lára ibi tí wọ́n ti ń mú wọn. Terrell kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Ó kọ̀wé sí Jane Addams pé òun ò gbà pé àwọn dúdú burú ju ọmọ ogun yòókù lọ, àwọ̀ wọn ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ kígbe, bí wọ́n bá sì fẹ́ kí òun fi ipò òun sílẹ̀ nítorí ìyẹn, òun ti ṣe tán. Addams dá a lóhùn pé èrò òun àti tirẹ̀ ṣọ̀kan. Lójú tèmi, lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì bí ìfọwọ́sí mílíọ̀nù mẹ́jọ. Ó rọrùn láti bá ọ̀tá jiyàn. Ó nira láti dá dúró láàárín ọ̀rẹ́ ẹni.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì bọ́ sílẹ̀. Láti 1915 ni ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti gba Haiti, orílẹ̀-èdè dúdú tó ti gbòmìnira láti 1804. Ní 1926, Emily Balch, ẹni tó búra ní Zurich, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti ń ṣiṣẹ́ sì ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ àlàáfíà, ṣaájú ikọ̀ ènìyàn mẹ́fà lọ síbẹ̀. Méjì nínú wọn jẹ́ obìnrin dúdú, Addie Hunton wà níbẹ̀, ẹni tó ti tọ́jú àwọn ọmọ ogun dúdú ní Faransé nígbà ogun. Wọ́n bá àwọn ará Haiti sọ̀rọ̀, wọ́n wo bí nǹkan ṣe ń lọ, wọ́n sì kọ ọ́ jáde pé kí Amẹ́ríkà dá ìjọba padà fún àwọn onílẹ̀. Ní 1934 ni ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó kẹ́yìn kúrò. Kì í ṣe ìwé wọn nìkan ló lé wọn, àwọn ará Haiti fúnra wọn ti dìde ní 1929. Àmọ́ wọ́n ti sọ ọ́ nígbà tí àwọn tó ń sọ ọ́ ní Amẹ́ríkà kò pọ̀.

Ẹ má fi ìjà inú ilé pa mọ́ fún àwọn ọmọ. Nígbà tí Hitler dìde, ẹgbẹ́ náà pín yẹ́leyẹ̀lẹ. Àwọn kan ní ìbọn ò dára lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Jámánì àti Faransé tó ti rí i nítòsí ní kí wọ́n dènà rẹ̀ kí ọwọ́ tó bọ́. Balch fúnra rẹ̀ gbà nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí Japan kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, pé kí Amẹ́ríkà ja ogun náà. Síbẹ̀ wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 1946, bí wọ́n ṣe fún Jane Addams ní 1931. Èmi ò rí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yẹ̀ lórí ìbúra rẹ̀. Nígbà tí 1941 fi dé, àwọn tó ní agbára ti sun gbogbo ọ̀nà míràn tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ là sílẹ̀ láti 1919.

Terrell ní tirẹ̀ kò dákẹ́. Ní 1950, òun àti àwọn mélòó kan wọ ilé oúnjẹ kan ní Washington, wọ́n kọ̀ láti ta oúnjẹ fún wọn torí dúdú ni wọ́n. Wọ́n fẹjọ́ sun, ìjọba ìlú náà sì pe ilé oúnjẹ náà lẹ́jọ́. Terrell fúnra rẹ̀ ń fi ọ̀pá rìn lọ dúró níwájú àwọn ilé ìtajà pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́. Ní June 1953, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá wọn láre. Ọmọ ọdún 89 ni Terrell nígbà náà. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó padà sí ilé oúnjẹ yẹn, wọ́n bu oúnjẹ fún un, ó sì jẹ ẹ́.